Fíìmù Tí Kì Í Rí Pupa

Ẹ bá mi bá Elijah wí. Èmi ti bá a wí títí, ó ti sú mi.

Ilé ìtẹ̀wé ni Elijah ní lẹ́bàá ọjà Akẹ̀sán, nílùú Ọ̀yọ́ wa níbí. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú, gbogbo rẹ̀ ló ń tẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni láti ìgbà tí a ti jọ ń fẹsẹ̀ lásán lọ sílé ìwé. Ọ̀rẹ́ mi ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rán an níyọ̀, ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó dà á sọ́bẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ ṣúgà ló rà, yóò sì fi Bíbélì búra fún yín pé iyọ̀ ni.

Èmi ni Mùílì, oníṣẹ́ fọ́tò Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́. Wọ́n ní mo máa ń tètè bínú. Kí ni kí n máa ṣe, kí n máa rẹ́rìn-ín? Lọ́dún 1988 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, èmi nìkan ni mo kù ládùúgbò wa tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ fọ́tò. Gbogbo àwọn yòókù ti bá kọ́lọ̀, ìyẹn fọ́tò aláwọ̀, lọ. Wọn á gbé kámẹ́rà kékeré kọ́rùn, wọn á yà á pà-pà-pà, wọn á kó fíìmù lọ sí Ìbàdàn, ẹ̀rọ á bá wọn fọ̀ ọ́, ó di ọjọ́ karùn-ún kí ó tó padà dé. Kí ló sì máa ń padà dé? Ẹni tó bá dúdú á di èédú, eyín rẹ̀ nìkan lẹ ó máa rí. Ẹni tó bá pupa á dà bí ẹni tó bọ́ sínú ìkòkò epo. Fíìmù kan wà tó jẹ́ pé gbogbo ohun tó bá yà ló máa ń pọ́n bí ìgbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ewé nìkan ló mọ̀ ọ́n yà, ewé á tutù yọ̀yọ̀, ojú èèyàn á dà bí ojú aláìsàn. Bí wọ́n bá sì ya ìyàwó nínú ilé, lábẹ́ gílóòbù, gbogbo yàrá á pọ́n bí ẹni pé ilé ń jó. Àwọn èèyàn á gbà á, wọn á máa yọ̀, “Kọ́lọ̀ ni o!” Inú á máa bí mi.

Fíìmù tèmi kì í pariwo. Dúdú àti funfun ni, ṣùgbọ́n gbogbo àwọ̀ ló ń rí, ó sì ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n eérú tirẹ̀. Pupa ní eérú tirẹ̀, aró ní tirẹ̀, ewé ní tirẹ̀. Ọmọ pupa á pupa, ọmọ dúdú á dúdú, ẹ ó sì rí imú àti ojú àwọn méjèèjì. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi mọ̀ ọ́n lò. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ gbogbo ọjà di ọ̀wọ́n, ti wọ̀lú, fíìmù náà di ohun tí à ń wá bí ẹni wá abẹ́rẹ́. Kámẹ́rà onígi tí mo jogún lọ́wọ́ ọ̀gá mi kì í lo fíìmù róbótó-róbótó ti àwọn ọmọ kọ́lọ̀. Ewé kan, fọ́tò kan ni tirẹ̀, ewé náà fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ta ló tún ń ta irú rẹ̀?

Ibi tí Elijah ti wọ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó dé ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sẹ̀ kan, ó kó ewé fíìmù mẹ́rin wá nínú bébà dúdú, ó ní òun ti gé e sí ìwọ̀n kámẹ́rà mi.

“Irú tìrẹ gan-an ni,” ó ní.

Mo wọ inú yàrá òkùnkùn tí mo ti ń fọ fọ́tò, mo fọwọ́ pa á létí. Fíìmù tèmi máa ń ní àmì gígé kékeré ní igun, òun la fi ń dá a mọ̀ nínú òkùnkùn. Eléyìí kò ní nǹkan kan.

“Elijah, kò ní àmì o!”

“Bí wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí nìyẹn. Tuntun ni!”

Mo gbà á gbọ́. Èmi Mùílì, pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n mi, mo gba Elijah gbọ́.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni Ìyá Ìbejì dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Safurat lorúkọ rẹ̀, ó ń ta ìwé ọmọléèwé àti bírò ní Takie. Ó fa ọmọbìnrin kan lọ́wọ́, ọmọ ọdún méje, pupa bíi tìyá rẹ̀, tó wọ gáùn funfun. Kí n tó ní kí ó jókòó, ó ti ń kó aṣọ jáde nínú àpò ọ̀rá, bùbá àti ṣòkòtò ọmọkùnrin aláwọ̀ ojú ọ̀run, pẹ̀lú fìlà pupa kan.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbejì ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi yà.”

Mo wo ọmọ kan ṣoṣo tó dúró níwájú mi. Mo wo aṣọ ọmọkùnrin náà. Ó yé mi.

Ẹ mọ̀ bí a ti ń ṣe é nílẹ̀ wa. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ tí wọn kò tíì jọ ya fọ́tò, èyí tó kù la ó yà lẹ́ẹ̀mejì. Bí takọtabo bá ni wọ́n, a ó wọ aṣọ ẹnì kejì fún un, kí ó ya tirẹ̀, kí ó sì ya ti èkejì. Oníṣẹ́ fọ́tò á wá fi ọgbọ́n fọ méjèèjì sórí ìwé kan, wọn á jókòó ti ara wọn. Safurat ti rin gbogbo Takie, àwọn ọmọ kọ́lọ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹ̀rọ Ìbàdàn kò mọ ìyẹn ṣe. Ẹnì kan ló júwe mi fún un, ó ní bàbá kan wà l'Ọ̀yọ́ tó ṣì ń fọwọ́ ṣe é, ṣùgbọ́n kí ó ní sùúrù fún ẹnu rẹ̀.

“Mi ò ní fọ́tò Táíwò kankan,” ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kí ọmọ má baà gbọ́. “Ó pé ọdún méjì báyìí. Nígbà àkọ́kọ́, tí mo bá dijú, mo máa ń rí i. Báyìí, tí mo bá dijú, Kẹ́hìndé ni mò ń rí. Bàbá, ojú rẹ̀ ti ń sá lọ mọ́ mi lọ́wọ́.”

“Ẹ má da ara yín láàmú,” ni mo wí. “Ìbejì ni wọ́n, ojú kan náà ni.”

Ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan, ṣùgbọ́n mo ti yí ẹ̀yìn padà, mo ti wọ yàrá òkùnkùn lọ. Oòrùn tó ń gba ojú fèrèsé mi kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Nínú páálí mi, ewé fíìmù kan péré ló kù. Mo fi í sí ojú kìn-ín-ní férémù olójú méjì tí kámẹ́rà fi ń gba fíìmù, mo mú ọ̀kan nínú ti Elijah, mo fi ìyẹn sí ojú kejì. Mo ya Kẹ́hìndé nínú gáùn funfun rẹ̀. Ìyẹn lọ dáadáa. Ìgbà tí ó kan aṣọ ọmọkùnrin ni wàhálà dé. Ọmọ ní òun ò ní í dé fìlà.

“Fìlà Táíwò ni,” ó ní. “Tó bá dé láti Èkó tó bá a lórí mi, á bá mi jà.”

Èkó ni wọ́n ní ó lọ. A kì í sọ fún ìbejì pé ẹnì kejì rẹ̀ kú. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́. Oòrùn ń lọ. Mo pariwo, “Dé fìlà, ọmọ yìí! Má ṣẹ́jú!” Ọmọ dé e kíá, ó tejú mọ́ mi láìṣẹ́jú, mo yà á.

Mo ní kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Wọn kò tíì dé ibùdókọ̀ tí mo ti ń fọ fíìmù méjèèjì. Nígbà tí wọ́n gbẹ, mo fi wọ́n tẹ fọ́tò kan láti wo bí yóò ti rí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ gbogbo ohun tó wà nínú yàrá náà. Ní apá òsì ìwé, Kẹ́hìndé jókòó, ọmọ pupa, bí Ọlọ́run ti dá a. Ní apá ọ̀tún, ọmọkùnrin kan tí mi ò rí rí jókòó. Ojú rẹ̀ dúdú mirinmirin, ètè rẹ̀ dúdú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fìlà pupa di fìlà dúdú. Bùbá aláwọ̀ ojú ọ̀run di funfun báláú. Ọmọ kan náà, àga kan náà, oòrùn kan náà!

Mo gbé fọ́tò náà tutù-tutù, mo di ọ̀dọ̀ Elijah. Mo bá a níbi tí ó ti ń jẹ ìrẹsì.

“Irú fíìmù wo lo kó fún mi?”

Ó wò ó, ó nu ọwọ́. “Fíìmù ni.”

“Elijah!”

“Ó dáa, ó dáa. Èyí tí a fi ń tẹ ìwé ni. Ó dára gan-an. A lè tan iná pupa sí i látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò ní í ṣe é ní nǹkan kan. Kì í rí pupa rárá.”

Mo jókòó sórí àpò bébà. Kì í rí pupa rárá! Tèmi, bí ẹ bá tan iná pupa sí i, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, nítorí ó ń rí i. Inú òkùnkùn biribiri la ti ń fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n lójú fíìmù ti Elijah, ohun tó bá pupa kò sí láyé. Ohun tí kò bá sì sí lójú fíìmù, dúdú ló máa ń jẹ́ nínú fọ́tò. Aró àti ojú ọ̀run nìkan ló mọ̀, gbogbo wọn ló sì ń sọ di funfun.

“Fìlà pupa, mo gbà,” ni mo wí. “Ọmọ náà ńkọ́?”

“Ṣé ọmọ náà kì í ṣe ọmọ pupa ni?” Elijah dáhùn, bí ẹni pé èmi ni mi ò gbọ́n.

Mo wò ó. Bí ẹni pé fíìmù náà gbọ́ Yorùbá ni. Fìlà ni ẹ pè ní pupa, ọmọ ni ẹ pè ní pupa, òun náà gbà bẹ́ẹ̀, ó da àwọn méjèèjì pọ̀, ó kùn wọ́n ní dúdú. Mo ju ewé mẹ́ta tó kù sórí tábìlì rẹ̀, mo ní kí ó fi wọ́n tẹ kàlẹ́ńdà. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ jẹ ìrẹsì.

Mo wá fíìmù tèmi káàkiri. Bàbá oníṣẹ́ fọ́tò kan ní Ìlọrin ló fi ewé méjì ràn mí lọ́wọ́, lẹ́yìn tí mo ti ṣépè fún gbogbo ayé. Mi ò fẹ́ kí obìnrin náà tún ná owó ọkọ̀ lórí ìwà Elijah, ni mo bá gbé kámẹ́rà, ó di Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ gbìyànjú kí ẹ gbé kámẹ́rà onígi wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ ọjà. Èrò ọkọ̀ kan ń ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ àárín ẹsẹ̀ kámẹ́rà mi, ìyá kan ní ṣé ẹ̀rọ ìlọta ni. Ìgbà tí mo fi sọ̀ ní Takie, ojú mi ti pọ́n.

Ilé Safurat kò jìnnà síbẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Abdulkareem, kò sí nílé. Ìrẹsà ló ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé. Safurat gbé omi fún mi. Mi ò tíì mu ún tí mo ti fa fọ́tò burúkú náà yọ, kí ó má baà rò pé mo kàn fẹ́ dà á láàmú ni.

“Ẹ wo ohun tí ẹni ibi kan ṣe fún mi,” ni mo wí.

Ó gba fọ́tò náà. Ó fi ọwọ́ kejì di ẹ̀gbẹ́ ògiri mú. Ó wò ó, ó wò ó. Èmi ń ṣàlàyé lọ ní tèmi, mò ń sọ ti iná pupa, mò ń sọ ti kàlẹ́ńdà, mò ń bú Elijah láti orí dé ẹsẹ̀. N kò rò pé ó gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀.

“Ẹ fi èyí sílẹ̀ fún mi, Bàbá.”

“Èwo?”

“Èyí. Ẹ má ṣe yọnu láti ya òmíràn.”

Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Mo ti gbé kámẹ́rà gba inú bọ́ọ̀sì wá! “Kí ẹ gbé e kọ́ ògiri, kí gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ máa wò ó pé èmi Mùílì ni mo ya ọmọ pupa tó di dúdú? Ìbejì tí ọ̀kan dúdú tí ọ̀kan pupa? Láéláé! Ẹ mú un wá.”

Kò bá mi jà. Àgbà ni mo jẹ́ sí i, mo sì ń pariwo nínú ilé rẹ̀. Ó nà án sí mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tètè fi í sílẹ̀, mo ní láti fà á díẹ̀. Mo rí i pé ojú rẹ̀ kún fún omi. Mo ní ó ń ro ti ọmọ rẹ̀ ni, èyí tí kò yà mí lẹ́nu. Mo ní kí wọ́n wọ aṣọ fún Kẹ́hìndé, mo yà á lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìnkùlé, mo gbé ẹrù mi, mo lọ.

L'Ọ̀yọ́, iṣẹ́ náà jáde bí mo ti fẹ́. Eérú kan náà lójú àwọn méjèèjì, aṣọ dọ́gba, ìlà tó pín ìwé sí méjì kò hàn rárá, bí ẹ bá fi awò wò ó ẹ ò ní í rí i. Inú mi dùn débi pé mo mú nẹ́gátíìfù burúkú yẹn, fíìmù tí mo fi tẹ fọ́tò àkọ́kọ́, mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ bó gbogbo ojú rẹ̀ kúrò, ó mọ́ gaara, mo gé e, mo fi bo káàdì ìdánimọ̀ ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Fọ́tò rẹ̀ náà, mo fà á ya sí wẹ́wẹ́. Mo gbádùn ìyẹn.

Ọjọ́bọ̀ ni Safurat wá gbà á, òun nìkan. Mo gbé fọ́tò náà lé e lọ́wọ́, mo dúró de ìyìn. Èmi náà èèyàn ni.

Ó wò ó. Ó ní, “Ẹ ṣé gan-an, Bàbá.” Ó tún wò ó. “Kẹ́hìndé méjì.”

“Kí lẹ wí?”

“Mo ní Kẹ́hìndé méjì ni. Kẹ́hìndé rè é. Kẹ́hìndé tó dé fìlà rè é.”

“Kẹ́hìndé méjì náà ni!” Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó mọ̀. “Ta lẹ tún fẹ́ kí n yà? Ẹni tí kò sí láyé ni kí n lọ pè wá?”

Ó dùn mí lójú ẹsẹ̀ pé mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu irú èmi. Safurat tẹ́ ìborí rẹ̀ sórí tábìlì mi, ó gbé fọ́tò náà lé e, ó rọra dì í bí ẹni tí kò fẹ́ kí n rí i pé kò wù ú.

“Èyí tẹ́ ẹ ní ó bàjẹ́ ńkọ́?” ó bi mí.

“Mo ti fà á ya.”

“Ẹ ò lè tún un tẹ̀?”

“Mo ti fọ nẹ́gátíìfù rẹ̀ dànù.”

Ó jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé ya fọ́tò. Kò sunkún. Ì bá sunkún ì bá sàn fún mi.

“Táíwò kò pupa,” ó ní. “Èmi àti Kẹ́hìndé la pupa. Táíwò dúdú bíi bàbá rẹ̀, ètè rẹ̀ gan-an dúdú. Mo fẹ́ sọ fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ ti wọlé. Mo ní kò burú, fọ́tò ò mọ ìyẹn. Ọdún méjì ni mi ò fi rí ọmọ mi, Bàbá. Ọjọ́ tí ẹ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo rí i. Ẹ gbé e wá, ẹ sì tún gbà á lọ́wọ́ mi, ẹ gbé e lọ.”

Mo ní kí ó padà wá lọ́jọ́ Ajé, kí ó mú ọmọ àti aṣọ dání.

Nígbà tí ó lọ, mo rò pé mo lè fi ọgbọ́n orí ṣe é. Mo mú nẹ́gátíìfù dáadáa, mo fún apá Táíwò ní iná púpọ̀ kí ó lè dúdú. Ó dúdú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ náà dúdú, funfun ojú rẹ̀ dúdú, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú. Ọmọ pupa tó jókòó sábẹ́ igi ni, kì í ṣe ọmọ dúdú. Mo ba ìwé márùn-ún jẹ́ kí n tó gbà pé ojú fíìmù nìkan ló lè ṣe é. Nínú gbogbo fíìmù tó wà láyé, tí wọ́n fi ọgbọ́n òyìnbó ṣe kí wọ́n lè rí gbogbo àwọ̀, afọ́jú inú wọn nìkan ló mọ ojú Táíwò.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbé mi dé: ọ̀dọ̀ Elijah.

“Fíìmù wo?” ó ní. “Àbí èyí tó bàjẹ́ yẹn?”

“Elijah, mú fíìmù wá.”

“Èyí tí o ní kí n fi tẹ kàlẹ́ńdà?”

“Elijah, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́.”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó kó ewé mẹ́fà fún mi. Ó ní irú tèmi gan-an ni.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ya Kẹ́hìndé nínú aṣọ ọmọkùnrin pẹ̀lú fíìmù tí kì í rí pupa. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò pariwo. Mo bi ìyá rẹ̀ léèrè, ó sì dáhùn. Ó ní Táíwò máa ń gbé fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kì í dé e ṣánṣán. Ó ní tó bá jókòó, ó máa ń fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan. A ṣe é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí fíìmù gbẹ, mo ní kí Kẹ́hìndé jókòó ti ìyàwó mi lẹ́yìnkùlé, mo sì ní kí Safurat tẹ̀ lé mi wọ yàrá òkùnkùn. Ẹnikẹ́ni kì í bá mi wọ ibẹ̀.

“Mi ò mọ bí ó ti dúdú tó,” ni mo wí. “Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Tí ó bá ti tó, ẹ sọ, màá gbé e kúrò nínú omi oògùn yìí, nítorí bí ó bá pẹ́ níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dúdú.”

Mo tan iná pupa. Nínú iná yẹn kò sí ọmọ pupa kò sí ọmọ dúdú, ojú èmi àti tirẹ̀ rí bákan náà. Mo fi nẹ́gátíìfù Kẹ́hìndé lé ìdajì ìwé, mo fún un ní iná. Mo fi ti Táíwò lé ìdajì kejì, mo fún un ní iná. Iná náà pọ̀ díẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo ní a ó tètè gbé e jáde. Mo ti ìwé náà bọ inú omi, mo ń mi àwo náà díẹ̀díẹ̀.

Ìwé kọ́kọ́ funfun lásán. Lẹ́yìn náà ìlà fìlà yọ, ó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ètè yọ. Ojú méjèèjì yọ, wọ́n ṣí, wọ́n ń wo òkè láti inú omi. Safurat tẹ̀ síwájú. Ìmí rẹ̀ ń lu ẹ̀yìn ọwọ́ mi.

“Ó ti tó?” mo bi í.

Ojú rẹ̀ kò kúrò nínú àwo.

Àwọ̀ náà ń jinlẹ̀ sí i. Mo gbé ẹ̀mú dání. Ó ti tó. Ojú mi tí ó ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọgbọ̀n ọdún mọ̀ pé ó ti tó, pé bí a bá kọjá ibẹ̀ kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́.

“Ìyá Ìbejì, ẹ sọ̀rọ̀! Ó ti ń dúdú jù!”

“Ẹ má tíì gbé e,” ó ní. “Ó ń wò mí.”

Ọwọ́ mi ti dé etí omi. Gbogbo ara mi ń sọ fún mi pé kí n fà á yọ. Ìwé ni, ọ̀wọ́n gógó ni, iṣẹ́ ni, ó sì ń bàjẹ́ lójú mi. Inú bí mi sí ìwé náà, inú bí mi sí omi náà tí kò lè dúró fún ìṣẹ́jú kan péré.

Mo gbé ẹ̀mú sílẹ̀.

Fìlà ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ni ètè, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ojú ló pẹ́ jù. Safurat tẹ orí ba títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi, ó ń sọ nǹkan kan fún un lábẹ́ ètè, èyí tí kì í ṣe tèmi láti gbọ́. Nígbà tí ìwé náà ti dúdú tán, tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ mọ́, ó ṣì ń wo ibẹ̀. Mi ò lé e. Mo nawọ́ sí páálí ìwé, mo mú òmíràn.